Ilà Tó Mọ́ Lára Ilẹ̀kùn

Ọkùnrin tó mọ̀ ọ́n wẹ̀ jù lọ ní etíkun wa ni omi pa. Inú yàrá ni omi ti pa á, ilẹ̀kùn yàrá náà sì ṣí sílẹ̀ gbayawu nígbà tí a débẹ̀.

Kò sẹ́ni tó ráyè ronú sí i. Ìjì ti jà mọ́jú, òkun ti wọ ìlú bí àlejò tí kò kan ilẹ̀kùn, ó sì ti kó ohun tó wù ú lọ. Ẹni tó bá kú, omi ló pa á, kí la tún fẹ́ máa bèèrè? Ọ̀rọ̀ Baba Ọlọ́kọ̀, bí a ṣe ń pe olóògbé náà, ìbá parí síbẹ̀ bí kì í bá ṣe ti obìnrin kan tí à ń pè ní Jẹ́-n-wò.

Ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ ni obìnrin náà, kúkúrú ni, bàtà rọ́bà tó tóbi jù ú lọ ló wọ̀ lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ wọ inú kíláàsì tí mo sọ di ṣọ́ọ̀bù, nínú ilé ìwé tí àwa tí ilé wa bá omi lọ ń gbé. Orúkọ rẹ̀ kò ní ìtàn méjì. Bí o bá ń ṣàlàyé fún un, bí o bá ń sunkún, bí o bá ń fi ọmọ rẹ búra, ohun kan ṣoṣo tó máa sọ ni, "Jẹ́ n wò." Àwọn ọ̀daràn a máa ní ó sàn kí wọ́n na àwọn ju kí obìnrin yẹn fa àga jókòó ti àwọn lọ.

Ṣọ́ọ̀bù tèmi gan-an ti bá omi lọ. Àwòrán ìgbéyàwó, àwòrán arúgbó tó ti lọ, àwòrán ọmọ tó ń rẹ́rìn-ín láìléyín, gbogbo ohun tí mo ti yà láti ìgbà tí mo ti ń jẹ́ Onífọ́tò di ẹrẹ̀. Kámẹ́rà kan ṣoṣo tí mo fi ọ̀rá wé, tí mo gbé kọ́rùn sá lọ sókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ilé ìwé, ló kù mí kù. Àárọ̀ tí ìjì náà dáwọ́ dúró ni mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í ya ilé kiri, nítorí ìgbìmọ̀ ìlú ní kí ẹni tó bá ń fẹ́ ìrànlọ́wọ́ mú àwòrán ohun tó bàjẹ́ wá. Mò ń yà, mò ń sunkún. Ẹni tí mo ń ya ilé rẹ̀ á ṣàdédé dì mí lápá mú, á ní, "Onífọ́tò, àwòrán ìyá mi tó o yà níjọ́sí, ṣé ó ṣì wà lọ́wọ́ rẹ?" Màá mi orí. Nínú gbogbo ohun tí ìjì yẹn ṣe, ìbéèrè yẹn ló dùn mí jù.

Mo ní bí mo ṣe máa ń ya ilé. Ẹnu ọ̀nà ni mo ti ń bẹ̀rẹ̀. Màá ya ẹ̀yìn ilẹ̀kùn láti ìta, màá wọlé ya àwọn ògiri, màá wá fa ilẹ̀kùn náà kí n ya inú rẹ̀. Ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́ ní ilẹ̀kùn ni ojú ilé, pé ẹni tó ya ènìyàn tí kò ya ojú rẹ̀, kí ló yà? Àwọn aráàlú a máa fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ pé káfíńtà ló yẹ kí n jẹ́, torí pákó ni mò ń yà.

Jẹ́-n-wò kò bá mi ṣe yẹ̀yẹ́. Ó ní òun gbọ́ pé mo ya yàrá iṣẹ́ Baba Ọlọ́kọ̀ kí wọ́n tó fọ̀ ọ́.

Lóòótọ́ ni. Etí omi ni yàrá náà wà, ibẹ̀ ni baba ti ń tún ọkọ̀ ojú omi ṣe. Ìyàwó rẹ̀ ló kọ́kọ́ débẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ náà, igbe rẹ̀ ló pe àwa yòókù. Mo ya yàrá náà bí a ṣe bá a. Lẹ́yìn náà ni àwọn ọkùnrin yọ ilẹ̀kùn kúrò lára férémù, tí wọ́n fi gbé òkú, tí àwọn aládùúgbò sì da omi sí ilẹ̀, tí wọ́n fi ìgbálẹ̀ gbá ẹrẹ̀ jáde, torí wọn kò fẹ́ kí opó tún padà wá bá a bẹ́ẹ̀. Nígbà tí wọ́n ti gbé òkú tán, ilẹ̀kùn di ara pàǹtírí tí katakata kó lọ. Bí ẹ̀rí bá wà nínú yàrá yẹn, àánú ló fọ̀ ọ́ nù.

Ohun tó gbé Jẹ́-n-wò wá ni pé àwọn ọlọ́pàá ti ti àbúrò olóògbé mọ́lé. Kékeré là ń pe àbúrò náà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ga ju férémù ilẹ̀kùn lọ. Ọ̀rọ̀ ti wà láàárín òun àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Kékeré fẹ́ gbé ọkọ̀ tí bàbá wọn fi sílẹ̀ lọ sí etíkun míì tí ẹja ṣì wà, ẹ̀gbọ́n kọ̀ jálẹ̀. Wọ́n sọ̀rọ̀ síra wọn lójú gbogbo ènìyàn. Ìjì wá jà, ẹ̀gbọ́n kú, wọ́n sì bá ọkọ̀ náà nínú igbó etí odò lódindi, okùn Kékeré ló so ó mọ́ igi. Wọ́n bi í bóyá ó dé yàrá iṣẹ́ ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ ìjì, ó ní òun kò débẹ̀. Ìyá kan tó máa ń tún àwọ̀n ṣe sì ti rí i níbẹ̀.

Ẹ̀yìn ògiri kíláàsì mi ni ìyá wọn wà lórí ẹní, arúgbó tí kò lè dá dìde mọ́. Ọmọ méjì náà nìkan ló bí. Ọ̀kan ti wọlẹ̀. Bí wọ́n bá gbé èkejì lọ sẹ́wọ̀n, kò sí ẹni tí yóò bo ojú rẹ̀ lọ́jọ́ tó bá lọ. Ìyàwó Baba Ọlọ́kọ̀ ló ń tọ́jú rẹ̀, kò sì fi bẹ́ẹ̀ la ẹnu bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ láti ọjọ́ náà. A ní ìbànújẹ́ ni, a fi í sílẹ̀.

Mo gbé kọ̀m̀pútà tí wọ́n yá mi síwájú Jẹ́-n-wò, ó fa àga.

"Ọkùnrin tó lè wẹ̀ dé ibi tí ojú ò tó," ó ní. "Ilẹ̀kùn ṣí sílẹ̀. Kí ló dé tí kò jáde?"

Mo ní bóyá nǹkan já lù ú lórí. Ó ní dókítà kò rí ọgbẹ́ kankan, omi ló mu kú. Mo ní bóyá ó ti sùn lọ. Ó kàn wò mí ni, ojú sì tì mí, torí kò sí ọmọ etíkun tí kò mọ̀ pé ọlọ́kọ̀ kì í sùn tí atẹ́gùn bá ń jà. Bí pátákó ọkọ̀ rẹ̀ bá dún lórí omi, ó ti gbọ́ ọ lórí ibùsùn.

"Fèrèsé ńkọ́?"

Mo fi hàn án. Wọ́n ti kan pákó dí wọn láti ìta, bí gbogbo wa ṣe kan tiwa nígbà tí wọ́n kéde ìjì.

"Jẹ́ n wo ilẹ̀kùn."

Mo fẹ àwòrán tí mo yà láti ìta. Omi ti ga ju orí ènìyàn lọ níbẹ̀, ẹrẹ̀ sì ti kun ilẹ̀kùn náà láti ìsàlẹ̀ dé òkè. Àárín gan-an ni ẹrẹ̀ kò dé. Ilà kan mọ́ rekete, kò fẹ̀ ju àtẹ́lẹwọ́ lọ, ó dá ilẹ̀kùn náà ní ìbú láti ara irin apá ọ̀tún dé ara irin apá òsì. Igi gbọọrọ kan wà nílẹ̀ nínú ẹrẹ̀ níwájú rẹ̀.

Jẹ́-n-wò kì í ṣe ọmọ etíkun, ó ní kí n sọ ohun tí irin méjèèjì wà fún. Mo sọ fún un pé iyọ̀ inú atẹ́gùn wa máa ń jẹ kọ́kọ́rọ́, pé àgádágodo tó o rà lónìí á ti dípẹtà kí o tó mọ̀, nítorí náà ìdábùú la máa ń lò. Bí o bá ń jáde, wàá gbé igi tó gùn ju férémù lọ lé irin méjèèjì láti ìta, ó tán. Ẹni tó bá rí ìdábùú lórí ilẹ̀kùn mọ̀ pé onílé ò sí nílé, kò ní í kànkùn, kò ní í pariwo. Olè wa pàápàá, bó bá jí nǹkan tán, á dá ìdábùú padà sípò.

Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀. Ẹ̀rín náà kò pẹ́.

"Ẹrẹ̀ ò dé ibi ilà yẹn torí nǹkan bò ó," ó ní. "Ìdábùú wà lórí ilẹ̀kùn nígbà tí omi ń gùn ún. Ẹnì kan ti ọkùnrin náà mọ́lé. Ẹnì kan sì wá ṣí i kí ẹ tó dé."

Èmi ni mo ya àwòrán náà, mo ti wò ó láìmọye ìgbà, ẹrẹ̀ nìkan ni mo sì ń rí.

*

Ìjì ti ṣí òrùlé àgọ́ ọlọ́pàá. Inú àtìmọ́lé nìkan ni òrùlé kù sí, nítorí náà ibẹ̀ ni àwọn ọlọ́pàá àti ẹni tí wọ́n mú jọ ń gbé, wọ́n sì ti ń bá ara wọn fa ẹní. Ọlọ́pàá ọ̀dọ́ tó mú Kékeré kí wa tìdùnnútìdùnnú. Ó ní ọ̀rọ̀ ti yanjú, ẹlẹ́rìí wà, ìjà wà, òòlù náà wà.

"Òòlù wo?" Jẹ́-n-wò bi í.

Ó ní wọ́n rí Kékeré pẹ̀lú òòlù lẹ́bàá yàrá náà. Jẹ́-n-wò ní kó na ọwọ́ sí ẹnì kan ṣoṣo nínú ìlú tí kò mú òòlù dání lọ́jọ́ náà. Ọlọ́pàá wo ọwọ́ ara rẹ̀, àtàǹpàkò rẹ̀ tí òòlù pa ṣì dúdú.

Kékeré jókòó sórí ilẹ̀, ó fi ẹ̀yìn ti ògiri. Jẹ́-n-wò jókòó tì í, kò bi í ní nǹkan kan. Nígbà tó pẹ́, ó fi àwòrán ilẹ̀kùn tí mo tẹ̀ jáde sórí orúnkún rẹ̀.

"O débẹ̀ nírọ̀lẹ́," ó ní.

Kékeré ń wo àwòrán náà.

"Kí lo rí lórí ilẹ̀kùn?"

Ọkùnrin gàgàrà yẹn fi ìka kan ilà náà. Ó ní, "Ìdábùú. Mo rí ìdábùú, mo ní ẹ̀gbọ́n mi ti lọ sókè. Atẹ́gùn ń ké, mi ò gbọ́ nǹkan kan, mo fi Ọlọ́run búra. Mo tú ọkọ̀, mo wà á lọ sínú igbó kí ìgbì má baà fọ́ ọ. Mo ní inú ẹ̀gbọ́n mi á dùn. Ọkọ̀ ni mo gbà là, Mà. Ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn yẹn ni mo gbà kọjá, ọkọ̀ ni mo gbà là."

"Kí ló dé tó o fi purọ́?"

"Ta ni mo fẹ́ lọ sọ ìyẹn fún? Ìyá wa?"

Nígbà tí a jáde, ọlọ́pàá ọ̀dọ́ ní ó ti jẹ́wọ́ pé òun débẹ̀, kí la tún ń wá? Ó ti ẹ̀gbọ́n mọ́lé, ó gbé ọkọ̀ lọ, ó padà wá ṣílẹ̀kùn nígbà tí ilẹ̀ mọ́. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ bá ara mu. Ní tòótọ́, ó bá ara mu débi pé ẹ̀rù bà mí. Ó ní ọkọ̀ ọlọ́pàá tí yóò gbé Kékeré lọ sí ìlú ńlá ń bọ̀ kí oòrùn tó wọ̀.

"Jẹ́ n wò," Jẹ́-n-wò ní.

*

A padà sí kíláàsì. Ó ní kí n fi inú yàrá hàn òun, ògiri kan lẹ́yìn òmíràn. Pẹ̀tẹ̀pẹ́tẹ̀ ni gbogbo rẹ̀, àga dojú délẹ̀, pákó ọkọ̀ fọ́n káàkiri. Mo ti fẹ́ kọjá àwòrán kan nígbà tó di ọwọ́ mi mú.

"Kí ló wà lórí pẹpẹ yẹn?"

Pẹpẹ gíga kan ni, abẹ́ òrùlé ló wà, omi kò dé ibẹ̀. Mo fẹ̀ ẹ́. Abọ́ kan tí wọ́n fi àwo dé wà níbẹ̀. Aṣọ ìbora tí wọ́n ká dáadáa tẹ̀ lé e, àtùpà wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ìgò òògùn ikọ́ sì wà ní ìkángun, ṣíbí wà lórí ìdérí rẹ̀.

Nígbà tí Jẹ́-n-wò sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ ti yí padà.

"Ẹni tó fẹ́ pa ènìyàn kì í gbé oúnjẹ alẹ́ sílẹ̀ fún un. Kì í ká aṣọ ìbora fún un. Ẹni tó ti ilẹ̀kùn yìí mọ̀ pé ọkùnrin náà máa sùn síbẹ̀, kò sì fẹ́ kí òtútù mú un."

Mo ní Kékeré náà lè mọ̀ pé ẹ̀gbọ́n òun ń wúkọ́.

"Ó lè mọ̀. Ṣùgbọ́n ta ló máa ń fi ṣíbí sórí òògùn kí ọkùnrin má baà gbàgbé? Ta ló sì kọ́kọ́ débẹ̀ láàárọ̀, tó fi lè gbé ìdábùú kúrò?"

Àwa méjèèjì gbọ́ bí ẹnì kan ṣe ń fún aṣọ lẹ́yìn ògiri.

Ọwọ́ mi ṣèèṣì tẹ bọ́tìnì, àwòrán tó tẹ̀ lé e yọ. Inú ilẹ̀kùn ni, bí mo ṣe fà á kúrò lára ògiri yà á. Ẹrẹ̀ bò ó, lọ́jọ́ náà n kò rí nǹkan kan lára rẹ̀. Níbi tí mo fẹ̀ ẹ́ dé yìí, mo rí i. Nínú ẹrẹ̀ náà, ní déédéé ibi tí ìdábùú wà níta, ojú ibi tí ẹnì kan ti fi irin gbẹ́ ẹ kún ara pákó, irin tí wọ́n fi ń gbẹ́ ọkọ̀. Wọ́n gun orí ara wọn, àwọn ti ìsàlẹ̀ tọ́, àwọn ti òkè wọ́ bíi ti ẹni tí omi ti gbé ẹsẹ̀ rẹ̀ kúrò nílẹ̀. Kò sí èyí tó lu ilẹ̀kùn náà já. Pákó ìdí ọkọ̀ ni Baba Ọlọ́kọ̀ fi kan án, òun fúnra rẹ̀, ó sì máa ń fọ́nnu pé kò sí omi tó lè jẹ ẹ́.

Ìgbà àkọ́kọ́ rèé tí mo rí i tí Jẹ́-n-wò gbójú kúrò lára nǹkan.

"Pa á dé," ó ní.

*

Àgbàlá ilé ìwé la ti bá ìyàwó Baba Ọlọ́kọ̀, ó ń sá aṣọ ìyá ọkọ rẹ̀ sórí okùn. Jẹ́-n-wò bá a sá èyí tó kù. Lẹ́yìn náà ló sọ fún un jẹ́ẹ́jẹ́ pé òun ti rí àwòrán ilẹ̀kùn, òun sì ti rí pẹpẹ.

Obìnrin náà kò jiyàn. Ó jókòó sórí korobá tó dojú dé, ó sì sọ ọ́ bí ẹni tó ti ń retí kí wọ́n bi òun.

"Gbogbo ìjì ló máa ń lọ bá ọkọ̀ yẹn. Ìjì tó kọjá, okùn ni wọ́n fi fà á jáde lómi, ikọ́ yẹn ò sì fi í sílẹ̀ mọ́. Mo ní èyí á pa á. Omi ò dé yàrá iṣẹ́ yẹn rí látayébáyé. Mo gbé oúnjẹ lọ bá a níbẹ̀, mo ní kó jókòó, mo jáde, mo gbé ìdábùú sí i. Ó pè mí. Ó ń bú mi, mo ń rẹ́rìn-ín. Mo ní tí mo bá ti gbé ìyá dókè tán màá padà wá bá a. Ìgbà tí mo máa yíjú, omi ti gba ọ̀nà."

Ó nu ọwọ́ sára ìró rẹ̀. Ó ní òun rò pé wọ́n á fi Kékeré sílẹ̀, ṣebí omi ló pa ẹ̀gbọ́n rẹ̀, kò sẹ́ni tó ń ti omi mọ́lé. Ó ní lójoojúmọ́ lòun ń fẹ́ sọ ọ́, ṣùgbọ́n ẹ̀gbẹ́ ìyá lòun ń sùn, ìyá á sì di ọwọ́ òun mú, á ní, "Ìwọ lo tọ́jú ọmọ mi."

Jẹ́-n-wò sọ fún un pé Kékeré yóò délé kí ilẹ̀ tó ṣú. Ó ní òun yóò kọ ohun tó ṣẹlẹ̀ bó ṣe ṣẹlẹ̀, títí kan oúnjẹ, aṣọ ìbora àti òògùn, adájọ́ ni yóò gbọ́ ìyókù, òun náà yóò sì wà níbẹ̀ láti sọ̀rọ̀. Opó náà ń mi orí, ṣùgbọ́n mo rí i pé kì í ṣe ìyẹn ló ń gbọ́. Ohun kan wà tó fẹ́ bèèrè. Ó wo Jẹ́-n-wò, ó wo èmi.

"Ọ̀gá," ó ní, "ṣé ó gbìyànjú àtijáde?"

Aṣọ ń fì lórí okùn. Mo ti gbọ́ pé Jẹ́-n-wò kò purọ́ rí, àní fún ọ̀daràn, pé ohun tí ojú rẹ̀ bá rí náà ni ẹnu rẹ̀ máa ń sọ.

"Rárá, Ìyá," ó ní. "Oorun ló gbé e lọ. Kò mọ ìgbà tí omi dé."

Obìnrin náà yíjú sí mi. "Onífọ́tò, ìwọ lo ya inú yàrá yẹn. Kí lo rí?"

Àwòrán náà wà nínú kámẹ́rà tó wà ní ọrùn mi. Mo fi ọwọ́ bò ó.

"Mi ò rí nǹkan kan, Mà," mo ní. "Ẹrẹ̀ nìkan ni."

Ó wo ojú mi fún ìgbà díẹ̀. Lẹ́yìn náà ó dìde, ó gbé korobá, ó sì fi ọwọ́ kan èjìká Jẹ́-n-wò bí ìyá ṣe ń fọwọ́ kan ọmọ tó ṣe é lóore.

"Ẹ ṣeun," ó ní. "Ẹ ṣeun gan-an ni. Ọkọ mi kì í sùn tí atẹ́gùn bá ń jà. Ìdí tí mo fi ti ilẹ̀kùn nìyẹn."

Ó wọlé lọ bu omi tí ìyá ọkọ rẹ̀ máa fi wẹ̀.